Pizza mi le létí, ó rọ̀ láàárín bí ẹ̀kọ: ẹ bá mi dá sí i

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi débí. Àwọn ìbejì mi pé ọdún mẹ́sàn-án ní Sátidé tó kọjá, wọ́n láwọn ò fẹ́ kéèkì lọ́dún yìí, pizza làwọn fẹ́. Mo wo iye tí wọ́n ń tà á níta, mo wo pọ́ọ̀sì mi, mo ní kí ló wà níbẹ̀ tí ọwọ́ mi ò lè ṣe?

Mo ra fúláwà, yíìsì àti ṣíìsì díẹ̀. Mo pò ó láàárọ̀, kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti wú débi pé ó ti ọmọrí abọ́ dànù. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti borí. Mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú tírè ńlá kan. Mo lọ tòmátò, tàtàsé àti ata rodo, mo dà á lé e bí ẹni da ọbẹ̀ sórí ìrẹsì. Mo kó adìyẹ bíbọ̀, sọ́séèjì, àlùbọ́sà, àgbàdo inú agolo àti ṣíìsì lé e. Ogójì ìṣẹ́jú ló lò nínú ófùn.

Etí rẹ̀ le bíi pákó. Àárín rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná, omi pupa sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé gbé tirẹ̀ sókè báyìí, gbogbo ohun orí rẹ̀ yọ̀ bọ́ sórí aṣọ ọjọ́ ìbí. Táyé wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ká lọ mú ṣíbí wá ni?"

N ó tún un ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. Ibo ni mo ti ṣì í? Ófùn gáàsì ni mo ní o, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀, iná kékeré, iná àárín àti iná ńlá nìkan ló wà níbẹ̀.

BàbáOníbúrẹ́dì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire àwọn ọmọ. Ẹ̀dùmàrè á dá wọn sí. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Omi ló bá yín jà. Ata tútù lẹ dà lé fúláwà tútù, ẹ tún wá kó àgbàdo olómi àti àlùbọ́sà lé e. Ooru tó yẹ kó yan fúláwà, omi ló ń bá fà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí omi yẹn tó gbẹ, etí tí kò rí nǹkan bora ti gbẹ kọjá ààlà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti fúláwà, nítorí òun gan-an ni pizza. Ohun orí rẹ̀ kàn sin ín wá ni. Fún pizza mẹ́rin tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ: fúláwà 500 gíráàmù, omi 325, iyọ̀ 10, yíìsì gbígbẹ 3, òróró ṣíbí ọbẹ̀ kan. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, ife ìdíwọ̀n mẹ́rin ni fúláwà yẹn, omi rẹ̀ jẹ́ ife kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta ife, yíìsì ṣíbí tíì kan, iyọ̀ ṣíbí tíì kan àbọ̀. Bí agbára bá ká a, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré. Ife fúláwà tí èmi bù àti èyí tí ìyàwó mi bù kì í dọ́gba láé, torí èmi a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Fúláwà búrẹ́dì ni kí ẹ béèrè lọ́jà, kì í ṣe ti kéèkì. Ti búrẹ́dì ní purotéènì tó pọ̀ ju ti kéèkì lọ, nǹkan bíi 12 nínú 100. Purotéènì yẹn ló ń mú kó fà bíi rọ́bà, òun ló sì ń há afẹ́fẹ́ tí yíìsì bá mí jáde mọ́nú.

Kò dìgbà tí ẹ bá pò ó tí apá ń ro yín. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí fúláwà gbígbẹ má ṣe kù, ẹ bò ó, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá dé, ẹ rẹ ọwọ́ sómi, ẹ di etí rẹ̀ kan mú, ẹ fà á sókè, ẹ ṣẹ́ ẹ padà sórí ara rẹ̀. Ẹ yí abọ́, kí ẹ ṣe é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tún bò ó fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Nígbà àkọ́kọ́, á rí wúruwùru, á máa lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọkàn yín á sì máa sọ pé kí ẹ da fúláwà kún un. Ẹ má dà á kún un o! Tó bá fi máa di ìgbà kẹta, ara rẹ̀ á ti jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ìka fà á. Bó bá tín-ín-rín tí ẹ fi rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lára rẹ̀ láìya, ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ wíwú kíákíá tí inú yín dùn sí yẹn, ìkìlọ̀ ni. Àwọn tó kọ ìwé nípa bí a ṣe ń ṣe pizza, ilé wọn tutù. Wọ́n á ní wákàtí méjì, Ìbàdàn tiwa á sì ti parí iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 50. Bó bá wú kọjá bó ṣe yẹ, á máa rùn bí ọtí, á rọ jọwọlọ, kò ní lágbára láti wú mọ́ nínú ófùn. Omi tútù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dín yíìsì kù. Bí ẹ bá fẹ́ pò ó láàárọ̀ kí ẹ yan án lọ́sàn-án, gíráàmù 1 péré tó, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta ṣíbí tíì. Ẹ má wo aago, òun ni kí ẹ wò. Bó bá ti di ìlọ́po méjì, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ ká a róbótó, ẹ tún bò ó fún bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó tẹ́ ẹ.

Adùn_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Èmi, ogójì ìṣẹ́jú yẹn ló já mi láyà. Àǹtí, pizza kì í pẹ́ nínú ófùn! Ófùn ilé mi ní London níbí kì í kọjá 250 díìgíríì, ìṣẹ́jú 8 sí 10 ni mò ń lò.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń da ojú tírè tó nípọn dé sínú ófùn, màá tan iná rẹ̀ dé ìparí, màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 láìgbé nǹkan kan lé e. Ẹ̀yìn tírè tó ti gbóná janjan yẹn ni mo máa ń ti pizza lé. Bí ẹ bá gbọ́ tó pariwo ṣáà bó ṣe kàn án, ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jinná. Tírè tútù tí ẹ gbé wọ ófùn, kí ara rẹ̀ tó gbóná, omi ata ti wọ inú fúláwà lọ.

Kó má bàa lẹ̀ mọ́ pákó tí ẹ fi ń tì í, ẹ fọ́n sèmó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Sèmó tí à ń rò jẹ yìí, àlìkámà tí wọ́n lọ hóró-hóró ni, irú rẹ̀ náà sì ni àwọn ará Ítálì ń fọ́n sábẹ́ tiwọn. Á máa yí gbirigbiri lábẹ́ fúláwà bí iyanrìn, pizza á sì yọ̀ lọ geerege. Ṣé ófùn yín ní gíríìlì lókè?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ó ní gíríìlì, àǹtí mi, ẹja nìkan ni mo fi ń yan. Sèmó ńkọ́, àpò kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ ò fẹ́ jẹ. Ọlọ́run ti bá mi rí nǹkan fi ṣe.

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Yíìsì tí mo lò, agolo tí mo ti ṣí láti oṣù Kejìlá ni. Ṣé ó ṣì dáa?

BàbáOníbúrẹ́dì

Ó wú, àbí? Ó ṣì wà láàyè nìyẹn. Ohun abẹ̀mí ni yíìsì. Ìwúkàrà tí Bíbélì ń sọ, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ooru ilé ìdáná àti ọ̀rinrin ló ń pa á, torí náà ẹ dé agolo rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ da díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ṣúgà bíńtín. Bí kò bá hó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù. Omi tí ìka yín ò bá lè gbà, yíìsì náà ò ní gbà á.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Napoli

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé pizza kan ní Napoli, ní Ítálì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹfà nìyí. Fífọ àwo ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ní báyìí èmi ni mò ń tẹ́ fúláwà. Ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ pizza náà nìyí, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tiẹ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń ṣe pizza níbí sínú àkójọ ogún àṣà ọmọ aráyé ní 2017, àwọn ọ̀gá wa ò sì jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ààrò onígi ni tiwa, ooru inú rẹ̀ máa ń tó 430 sí 480 díìgíríì. Pizza á wọlé, á jáde láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí tòmátò tútù tí a kàn fi ọwọ́ fọ́ pẹ̀lú iyọ̀ fi lè wà lórí rẹ̀ láìfa wàhálà. Àwọn méjì tí wọ́n ń bu ọlá fún jù: marinara, ìyẹn tòmátò, aáyù, ewé olóòórùn tí wọ́n ń pè ní oregano àti òróró ólífì, kò ní ṣíìsì rárá; àti margherita, ìyẹn tòmátò, ṣíìsì rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní mozzarella, ewé basil àti òróró. Ó tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo bu tòmátò kún un bí ẹni tó láàánú oníbàárà. Ọ̀gá mi fi ẹ̀yìn ṣíbí rẹ̀ há a kúrò níwájú mi, kò sọ̀rọ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta péré ló fi sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fara wé wa lórí ti tòmátò tútù. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tòmátò ọjà wa sì lómi. Ìyá Ìbejì, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe látọjọ́ tí ẹ ti ń se ọbẹ̀. Ẹ lọ tòmátò àti tàtàsé, ẹ gbé e kaná nínú ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu, láìdé e, títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá da òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà títí òróró á fi dúró lókè. Ata díndín lásán ni. Bí ẹ bá fi ṣíbí la àárín rẹ̀, tí ọ̀nà tí ẹ là kò padé kíákíá, ẹ lè bù ú sórí pizza. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ti títẹ́ rẹ̀: ẹ fi ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ síta, kí ẹ fi etí rẹ̀ sílẹ̀ bí ìbú ìka kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ inú etí yẹn ló máa wú. Ẹni tó bá fi ìgò yí i kọjá lórí etí ti lé afẹ́fẹ́ jáde, pákó ló ń pè yẹn. Bó bá ń súnkì padà bí ẹ ṣe ń fà á, ẹ má bá a jà, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 15. Á gbà fún yín.

Ewé basil yẹn, ìbátan ẹfinrin ni. Tiwa le jù ú lọ lẹ́nu, ewé mẹ́ta mẹ́rin tí ẹ fi ọwọ́ já sí i lẹ́yìn tó bá jáde nínú ófùn ti tó. Bẹ́ ẹ bá yan án pọ̀, á dúdú, á korò.

Lágbájá_Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n Napoli, ẹ fẹ́ fi ewé mẹ́ta àti ṣíbí mẹ́ta pa wá lébi. Ẹnu mi ń fẹ́ ẹran!

Súyà lèmi ń lò. Mo kọ́kọ́ ṣì í ṣe náà: mo tò ó sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó le bí awọ bàtà, yájì orí rẹ̀ sì jó, nítorí ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: ata díndín díẹ̀, ṣíìsì, mo gbé e wọ ófùn. Bó bá ku ìṣẹ́jú méjì kó jáde ni mo máa to súyà tí mo ti gé wẹ́wẹ́ sí i. Bó bá jáde, àlùbọ́sà tútù tí mo gé tín-ín-rín, tòmátò tútù díẹ̀ bí mọ́là ṣe máa ń ṣe é nínú ìwé ìròyìn, màá wá fọ́n yájì lé e. Èèyàn kan jẹ ẹ́ nílé mi, ó béèrè nọ́ńbà ilé ìtajà tí mo ti rà á.

Ìgbín náà dára, àmọ́ kí ẹ ti bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ti dín in nínú ata tẹ́lẹ̀. Iwe adìyẹ bákan náà. Ohunkóhun tó bá ní ẹran tútù nínú kò gbọ́dọ̀ gun orí pizza ní tútù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè mú un jinná. Pọ̀nmọ́, mo ti dán an wò, ẹ má dán an wò.

Ọ̀pẹ òyìnbó ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Hawaiian pizza ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe ará Hawaii ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o. Sam Panopoulos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ní ilé oúnjẹ ní Kánádà, ló gbé e sórí pizza ní 1962.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Napoli

Mi ò sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pẹ òyìnbó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kúùrọ̀ o, láti Pọ́tò-Nóvò. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ti owó ṣíìsì. Mozzarella wọ́n, ó sì tún fẹ́ fíríìjì. Wàrà ni èmi ń lò, èyí tí a ń pè ní wagasi lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n máa ń fi poroporo ọkà bàbà pa láró pupa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀: wàrà kì í yọ́. Ẹ gbé e sínú iná títí di ọ̀la, bó ṣe rí náà lẹ máa bá a. Wọ́n máa ń se wàrà náà lórí iná pẹ̀lú omi ewé bomubomu títí á fi dì, ìdí nìyẹn tí a fi lè dín in lórí epo gbígbóná láìtú. Torí náà ẹni tó bá ń retí pé á máa fà gùùrùgù bí ti orí tẹlifísọ̀n, ìjákulẹ̀ ló ń dúró dè é. Àmọ́ bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́ bíi ṣúgà onígun, tí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ mọ́jú (ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í níyọ̀ rárá), tí ẹ wá fi aṣọ mímọ́ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, á pọ́n lórí pizza, ìta rẹ̀ á le díẹ̀, inú rẹ̀ á rọ̀. Èmi máa ń fi ìwọ̀nba ṣíìsì tó ń yọ́ sábẹ́, kó lè lẹ̀ mọ́ fúláwà, wàrà á wá pọ̀ lókè. Ìdajì owó ló ń náni.

Tóbi_SãoPaulo

Ẹ kú àsọyé. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Bràsíìlì níbí. Ìlú São Paulo ya pizza sí mímọ́ débi pé ó ní ọjọ́ tirẹ̀, 10 oṣù Keje, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n rárá láti fi nǹkan sí i. Adìyẹ tí wọ́n ti fà ya wẹ́wẹ́ pẹ̀lú catupiry, ṣíìsì rírọ̀ kan tó dà bíi pápù, òun ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń fi àgbàdo náà sí i, Ìyá Ìbejì, ẹ ò ṣẹ̀. Ẹ kàn dà á sínú asẹ́, kí ẹ nù ún gbẹ.

Wọ́n tún ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ṣúgà àti igi olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní canela, lẹ́yìn oúnjẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, dòdò ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ti fi dòdò ṣe é: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n dáadáa, ẹ dín in, ẹ fi bébà fa òróró rẹ̀, pẹ̀lú ẹja yíyan tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ àti ata rodo tí ẹ rẹ́ tín-ín-rín. Ẹ má fi tòmátò sí ti dòdò, ata díndín kékeré ti tó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo yín lẹ ní ófùn. Àwa tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí sítóòfù kékeré kan ṣoṣo ń bẹ ńkọ́?

Mo máa dá ara mi lóhùn, torí mo ti rí ọ̀nà rẹ̀. Fráìpáànù tó nípọn, iná àárín, kò gba òróró. Màá gbé fúláwà tí mo ti tẹ́ sínú rẹ̀ láìsí nǹkan kan lórí. Ìṣẹ́jú méjì, bí ìsàlẹ̀ bá ti ní àmì dúdú díẹ̀díẹ̀, màá yí i padà. Ojú tó ti jinná yẹn ni màá bu ata sí, màá fọ́n ṣíìsì, màá dín iná kù, màá sì dé e. Ìṣẹ́jú 4 sí 5, ṣíìsì ti yọ́. Nítorí pé ojú tó gba ata ti jinná tẹ́lẹ̀, omi kì í wọ inú rẹ̀. Mo ń dé e lórí pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò ìrẹsì rúúmèètì mi. Ẹ kíyè sí omi tó ń kán láti ara ọmọrí náà, ẹ fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀kan.

Mama_Kéèkì_Òṣogbo

Ọmọ Ifẹ̀, o káre. Àwa tí à ń ṣe kéèkì kí ófùn tó wọlé wa, ìkòkò irin oníyanrìn là ń lò, ó sì gba pizza dáadáa. Iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, bí ìbú ìka méjì, agolo tí a gé tàbí òkúta mẹ́ta lórí rẹ̀, kí tírè kékeré lè jókòó láìkan iyanrìn. Dé e, gbé e kaná fún ogún ìṣẹ́jú kí o tó gbé pizza sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni orí rẹ̀: ìsàlẹ̀ nìkan ni iná wà. Kó èédú tó ti ràn sórí ọmọrí rẹ̀, ṣíìsì á pọ́n. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é o, èéfín èédú nínú yàrá ń pààyàn.

Ọlọ́gẹ̀ẹ́_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè po ìyẹ̀fun pákí mọ́ ọn kí owó rẹ̀ lè dín? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé kí n da ṣúgà àti mílíìkì sí i kó lè dùn.

BàbáOníbúrẹ́dì

Pákí kò ní nǹkan tó ń fà bíi rọ́bà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pọ̀, á kàn máa já ni. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ ò ní mọ̀. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní lè tẹ́ ẹ.

Ṣúgà àti mílíìkì? Búrẹ́dì aládùn nìyẹn, èmi náà ń tà á. Àmọ́ nínú iná tó gbóná bí èyí tí Adùn ń sọ, ṣúgà á jó ṣáájú kí inú tó jinná. Ṣíbí tíì kan péré ni mo lè gbà fún ófùn tí kò lágbára, kí etí lè pọ́n díẹ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o. Mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn.

Mo po fúláwà náà ní aago méje àárọ̀ pẹ̀lú yíìsì gíráàmù kan, mo fà á, mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta bí bàbá ṣe wí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun yẹn, òótọ́ ni! Táyé ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó ń padà sókè, ó ní ó ń mí. Mo gbẹ ata láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Tòmátò tó kún ìkòkò kan di abọ́ kékeré kan.

Àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ pákó. Mo gbàgbé sèmó. Bí mo ṣe tì í, ìdajì rẹ̀ ká mọ́ra, ata bọ́ sórí irin ófùn, èéfín gba ilé, ọkọ mi sáré jáde láti yàrá, ó ń béèrè ohun tó ń jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dà bíi mitipáì tó jìjàkadì.

Ìkejì ni mo fi sèmó sí. Ó yọ̀ lọ lórí ẹ̀yìn tírè geerege, mo gbọ́ ohùn ṣáà yẹn! Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní iná ńlá, mo wá tan gíríìlì fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Mo gbé e sókè wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó pọ́n, ó ní tóótòòtó dúdú bí ara àmọ̀tẹ́kùn. Mo já ẹfinrin mẹ́ta lé e. Kẹ́hìndé gbé tirẹ̀ sókè, ó dúró gbọnyin, nǹkan kan ò bọ́.

Ìkẹta, wàrà àti súyà tí bàbá wọn rà wálé. Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti tẹ omi inú wàrà náà jáde, àárín rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. N ò tún ní gbàgbé.

Ẹyọ fúláwà kan tí mi ò tíì yan ṣẹ́kù nínú abọ́, gbogbo wa ti yó, wọ́n sì ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Fíríìjì ti ń gbóná. Kí ni kí n ṣe é kó má bàa kan?

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Napoli

Ẹ dín in. Napoli náà ń dín in, pizza fritta ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ bu ata díndín àti wàrà tó kù sí ìdajì rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ìdajì kejì bò ó, ẹ fi ọmọ ìka tẹ etí rẹ̀ pinpin kó má ṣí, kí ẹ sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná.

BàbáOníbúrẹ́dì

Tàbí kí ẹ ká a kéékèèké, kí ẹ dín in bí pọfù-pọfù, kí ẹ fọ́n ṣúgà lé e fún àwọn ìbejì láàárọ̀ ọ̀la.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn láti ẹ̀yìn mi. Mo ń lọ gbé òróró kaná.